Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Àyẹ̀wò Ọ̀ranyàn Lórí Apá Ọkọ̀ Òfuurufú

Kò sí ohun tí ó máa ń bí èrò ọkọ̀ òfuurufú nínú tó pé kí wọ́n ti jókòó sí pápákọ̀ Kánò, Kàdúná, Jọ́s tàbí Yólà, kí wọ́n ti gba ẹrù wọn wọlé, kí a wá kéde pé ọkọ̀ kò tíì lè gbéra nítorí pé àwọn ẹnjiníà ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó ń lọ sin òkú bàbá rẹ̀ ní Ìbàdàn yóò bínú. Oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ ń dúró dè é ní Èkó yóò bínú. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa bú àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà ní ìdí káńtà, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá ọkọ̀ dúró.

A kò lè dá wọn lẹ́bi, nítorí pé ibi tí ènìyàn bá jìnnà sí ilé ni ọ̀rọ̀ ìrìnàjò ti máa ń ká a lára jù. Ṣùgbọ́n bí a bá fi sùúrù wo ìtàn ọkọ̀ òfuurufú láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sí àkókò yìí, a ó rí i pé irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn padà délé láàyè. A ó sì rí ohun mìíràn tí ó yẹ kí a ronú lé lórí: àwọn àyẹ̀wò kan wà tí a kọ sínú ìwé, tí a sì fọwọ́ sí, tí kò gba ẹnikẹ́ni là.

IṢẸ́ TÍ APÁ Ń ṢE

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ́ńjìnnì ni ó ń gbé ọkọ̀ òfuurufú dúró lókè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Títì ni ẹ́ńjìnnì ń ti ọkọ̀ síwájú. Apá ni ó ń gbé e. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń sáré kọjá lórí apá àti lábẹ́ rẹ̀, agbára kan a dìde tí ń gbé nǹkan sókè, agbára yìí ni ó sì ń ru èrò, ẹrù, epo àti ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Inú apá yìí kan náà ni a ń rọ epo sí. Abẹ́ rẹ̀ ni a so ẹ́ńjìnnì mọ́ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ńlá.

Bí a bá ṣí awọ páànù tí ó bo apá, ohun tí a ó bá nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí òrùlé ilé. Irin gígùn wà níbẹ̀, láti ìdí apá dé ṣóńṣó rẹ̀, bí ìtì igi tí ó gbé àjà ró. Àwọn irin kéékèèké dábùú rẹ̀ bí egungun ìhà. Bóòtù àti nọ́ọ̀tù tí kò lóǹkà ni ó sì so gbogbo wọn pọ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀, ìwọ̀n epo àti ti ẹ́ńjìnnì ń fa apá wálẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gbéra, apá a tẹ̀ sókè. Bí ó bá balẹ̀, apá a tún padà sí ipò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti mú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rí, tí ó ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn láìsinmi, mọ ohun tí ó máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Wáyà náà a já, kì í ṣe nítorí pé a fi agbára fà á, bí kò ṣe nítorí pé àárẹ̀ ti mú un. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àárẹ̀ ṣe ń mú irin apá. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí kò ju irun orí lọ, a kọ́kọ́ yọ lára rẹ̀. Bí a kò bá tètè rí i, ìlà náà a máa gùn sí i ní ìgbàkígbà tí ọkọ̀ bá fò. Àwọn baba wa ní bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ní ti apá ọkọ̀ òfuurufú, ikú ni aláǹgbá náà.

BÍ ÀṢẸ ÀYẸ̀WÒ ṢE Ń JÁDE

Ìwé kan wà tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kì í fi ṣeré. Ìjọba orílẹ̀-èdè tí ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé irú ọkọ̀ kan yẹ ní fífò ni ó máa ń gbé e jáde. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí Boeing ti ń ṣe ọkọ̀, àjọ FAA ni ó ni iṣẹ́ yìí. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí Airbus wà, àjọ EASA ni. Ìwé náà kì í ṣe ìmọ̀ràn lásán, àṣẹ ni. Ó máa ń dárúkọ irú ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn, ó máa ń dárúkọ irin tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, ó máa ń sọ ọ̀nà tí a ó gbà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì máa ń fi gbèdéke sí i. Gbèdéke náà lè jẹ́ iye ọjọ́, ó lè jẹ́ iye wákàtí tí ọkọ̀ ti lò lókè, ó sì lè jẹ́ iye ìgbà tí ó ti gbéra tí ó sì ti balẹ̀. Ọkọ̀ tí ó bá kọjá gbèdéke láìjẹ́ pé a yẹ̀ ẹ́ wò kò gbọ́dọ̀ fò, ì báà jẹ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti tà tán.

Lábẹ́ àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Chicago ní ọdún 1944, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè tí irú ọkọ̀ náà wà nínú ìwé wọn. Ní Nàìjíríà, NCAA, àjọ tí ń mójútó ìrìnnà òfuurufú, ni ó ń rí i pé àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tẹ̀lé e.

Ọ̀nà àyẹ̀wò kò jẹ́ ọ̀kan. Ojú lásán ni àkọ́kọ́, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré tí a fi ń wo ẹ̀yìn irin. Bí ibẹ̀ bá há jù, wọn a ti okùn kan tí ó rí bí ejò wọlé, tí ojú kámẹ́rà wà ní orí rẹ̀. Ní ibòmíràn, wọn a fi omi pupa kan kun irin, wọn a nù ún kúrò dáadáa, wọn a sì bu lẹ́búlẹ́bú funfun lé e. Bí irin bá ti sán, omi pupa tí ó sá pamọ́ sínú ojú sísán náà a fà jáde sórí funfun, àṣírí a sì tú. Àwọn àyẹ̀wò mìíràn tún wà tí a ń fi iná mànàmáná ṣe, tàbí ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́, láti mọ̀ bóyá irin ti sán ní ibi tí ojú kò tó.

OHUN TÍ ỌDÚN 1979 KỌ́ AYÉ

Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1979, ọkọ̀ DC-10 ti ilé-iṣẹ́ American Airlines ń gbéra ní Chicago. Bí ó ti fẹ́ kúrò nílẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì apá òsì já kúrò, tòun ti irin tí ó so ó mọ́ apá. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ náà fi dojú dé. Gbogbo ènìyàn 271 tí ó wà nínú rẹ̀ kú, àwọn méjì mìíràn sì kú nílẹ̀.

Nígbà tí a wádìí, a rí i pé ọwọ́ ènìyàn wà nínú rẹ̀. Kí iṣẹ́ lè tètè yá, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó tún ọkọ̀ náà ṣe yọ ẹ́ńjìnnì àti irin ìsopọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì fi ọkọ̀ agbẹ́rù gbé e, dípò kí wọ́n yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ ti là á sílẹ̀. Ibẹ̀ ni irin náà ti sán. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún náà, FAA dá gbogbo ọkọ̀ DC-10 ilẹ̀ Amẹ́ríkà dúró, wọn kò sì tún fò títí di ọjọ́ 13 oṣù keje. Láàárín àkókò àyẹ̀wò náà, a rí irú sísán bẹ́ẹ̀ lára àwọn DC-10 mìíràn tí wọ́n fi irú ọ̀nà kan náà tún ṣe. Bí a kò bá dá wọn dúró ni, ta ni ó mọ iye ìdílé tí ì bá tún ṣọ̀fọ̀? Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí Nàìjíríà, nítorí pé Nigeria Airways ní DC-10 méjì ní àkókò náà.

ỌKỌ̀ TÍ Ó Ń BỌ̀ NÍ KÁNÒ

Èyí tí ó tẹ̀lé e tilẹ̀ tún sún mọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1992, ọkọ̀ akẹ́rù Boeing 707 kan gbéra ní Luxembourg, Kánò ni ó sì ń bọ̀. Orúkọ Nàìjíríà ni ó ń jẹ́: 5N-MAS. Trans-Air ni ilé-iṣẹ́ tí ó ń lò ó. Ọdún 1964 ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó ti pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ènìyàn márùn-ún ni ó wà nínú rẹ̀.

Ọkọ̀ náà ṣì ń gòkè lọ lórí gúúsù ilẹ̀ Faransé nígbà tí ó wọ inú afẹ́fẹ́ líle. Àwọn awakọ̀ gbọ́ ìró ńlá, ọkọ̀ sì fẹ́ dà sí ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n wo ìta, ohun tí wọ́n rí kọjá ohun tí a lè fi ẹnu sọ. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì tí ó wà ní apá ọ̀tún ti lọ. Kì í ṣe pé wọ́n kú. Wọn kò sí níbẹ̀ mọ́. Èyí tí ó sún mọ́ ara ọkọ̀ ni ó kọ́kọ́ já, ó gbá èkejì rẹ̀, àwọn méjèèjì sì já bọ́ sílẹ̀.

Ẹ rò ó wò: ọkọ̀ tí ẹrù kún inú rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì apá kan ṣoṣo kù fún, tí apá kejì sì ti fàya. Àwọn awakọ̀ ń jìjàkadì kí ọkọ̀ má bàa yí dà, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò bà sí, wọ́n sì rí pápákọ̀ àwọn ológun òfuurufú ní Istres, lẹ́bàá Marseille. Kí wọ́n tó dé ilẹ̀, iná ti mú apá ọ̀tún. Síbẹ̀ wọ́n balẹ̀. Ọkọ̀ náà ya kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, àwọn panápaná sáré bò ó, àwọn ènìyàn márààrún sì jáde láàyè.

Nígbà tí àwọn aṣèwádìí ilẹ̀ Faransé tú ọ̀ràn náà wò, wọ́n rí i pé ọ̀kan nínú àwọn irin tí ó so ẹ́ńjìnnì inú mọ́ apá ni àárẹ̀ ti mú títí ó fi já. Ohun tí ó yẹ kí a fi etí sí jù nìyí: àṣẹ ti wà tẹ́lẹ̀ pé kí a máa yẹ irin yìí gan-an wò láti ìgbà dé ìgbà. Àwọn aṣèwádìí sọ pé àyẹ̀wò tí àṣẹ náà béèrè kò tó. Irin tí a lò àti bí wọ́n ṣe gé e mú kí ó rọrùn fún un láti sán, àyẹ̀wò tí a sì ń ṣe kò lágbára tó láti ká a mọ́. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí Boeing 707 mìíràn pàdánù ẹ́ńjìnnì ní Miami ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó balẹ̀ láyọ̀.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó rí irú oríire bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1992 kan náà, ẹ́ńjìnnì méjèèjì já kúrò ní apá ọ̀tún ọkọ̀ akẹ́rù Boeing 747 ti El Al, kété lẹ́yìn tí ó gbéra ní Amsterdam. Ọkọ̀ náà já lu ilé gbígbé. Ènìyàn 43 ni ó kú, púpọ̀ nínú wọn sì ni ó wà nínú ilé tiwọn, tí wọn kò bá ọkọ̀ òfuurufú lọ síbì kankan. Lẹ́yìn èyí ni a pa á láṣẹ pé kí a yí àwọn irin tí ó so ẹ́ńjìnnì 747 mọ́ apá padà sí èyí tí ó lágbára jù.

WỌ́ṢÀ KAN ṢOṢO

Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ arúgbó nìkan ni ewu wà fún, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2007, ọkọ̀ Boeing 737-800 ti China Airlines, tí kò tíì gbó rárá, gbéra láti Taiwan, ó sì balẹ̀ ní Naha ní erékùṣù Okinawa, ní ilẹ̀ Jàpáànù. Ó balẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó dé ibi ìdúró rẹ̀. Nígbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ rí epo tí ń dà láti apá ọ̀tún, iná sì ràn. Ènìyàn 165 ni ó wà nínú ọkọ̀ náà, àtèrò àtòṣìṣẹ́. Gbogbo wọn ni ó jáde kí ọkọ̀ tó jóná, kò sì sí ẹni tí ó kú.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ní iwájú apá, àwọn pátákó irin kan wà tí a ń tì síwájú nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra tàbí balẹ̀, tí a sì ń fà padà lẹ́yìn náà. Slat ni àwọn ẹnjiníà ń pè wọ́n. Irin kan tí ó rí bí ojú irin rélùwéè ni wọ́n ń rìn lé, irin yìí a sì máa wọ inú ihò kan tí ó yọ sínú táǹkì epo. Ní ìdí irin náà, bóòtù kan wà pẹ̀lú nọ́ọ̀tù àti wọ́ṣà rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí irin náà rìn kọjá ààlà. Bóòtù yìí ti yọ kúrò ní àyè rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ balẹ̀, tí a sì fa slat padà, irin náà ti bóòtù lu ògiri táǹkì, ó dá a lu, epo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

Ìwádìí àwọn ará Jàpáànù fi hàn pé nǹkan bí oṣù kan àbọ̀ ṣáájú, àwọn òṣìṣẹ́ ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ wo ni wọ́n lọ ṣe? Wọ́n lọ ṣe é kí nọ́ọ̀tù náà má bàa tú! Ibẹ̀ há, ó sì ṣókùnkùn, ọwọ́ ni a fi ń tá nǹkan níbẹ̀ ju ojú lọ, ó sì jọ pé wọ́ṣà já bọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Láìsí wọ́ṣà náà, ihò tóbi ju nọ́ọ̀tù lọ, ohun gbogbo sì yọ jáde.

Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, tí í ṣe ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn iná náà, FAA pàṣẹ kí a yẹ irú ọkọ̀ yìí wò láàárín ọjọ́ 24. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn àkọ́kọ́ wọlé pé a ti rí bóòtù tí ó tú lára àwọn ọkọ̀ mìíràn, wọn kò dúró: ní ọjọ́ 28, wọ́n gé gbèdéke náà sí ọjọ́ 10. Ẹbí Boeing 737 yìí kò ṣàjèjì ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ti Àríwá wálé ọdún ni ó ti wọ̀ ọ́.

A kì í gbọ́ ìròyìn nípa àwọn ọkọ̀ tí a bá bóòtù wọn ní títú tí a sì dì wọ́n padà. Wọn kò jóná, wọn kò já, ìwé ìròyìn kò sì ya àwòrán wọn. Bẹ́ẹ̀ ni èrè àyẹ̀wò ṣe rí. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni èrè rẹ̀.

ỌKỌ̀ TUNTUN ÀTI ỌKỌ̀ ÀTIJỌ́

Ní oṣù kìíní ọdún 2012, EASA pàṣẹ àyẹ̀wò lórí apá Airbus A380, ọkọ̀ èrò tí ó tóbi jù lọ láyé, nítorí pé a rí ojú sísán lára àwọn irin kéékèèké tí ó so egungun ìhà apá mọ́ awọ rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò tíì pé ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Oṣù kejì ni àṣẹ náà kan gbogbo A380 tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, tí iye wọn jẹ́ 68.

Ní ọdún 2019, ó tún kan Boeing 737. Àwọn oníṣẹ́ kan ń sọ ọkọ̀ èrò kan di akẹ́rù ni wọ́n fi rí i pé irin alápẹẹrẹ fọ́ọ̀kì, tí ó di apá mú mọ́ ara ọkọ̀, ti sán. Irin yìí ni a retí pé kí ó lo ọjọ́ ayé ọkọ̀ náà tán láìyọnu. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, FAA pàṣẹ pé kí ọkọ̀ tí ó bá ti gbéra tó ìgbà 30,000 gba àyẹ̀wò láàárín ọjọ́ méje. Àwọn tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀ ní àkókò gígùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Qantas ti ilẹ̀ Australia kò dúró de gbèdéke. Wọ́n tètè yẹ ọkọ̀ 33 wò, wọ́n bá ojú sísán lára mẹ́ta, wọ́n sì dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

ỌWỌ́ TÍ Ń BẸ NÍDÌÍ BÍRÒ

Ní Nàìjíríà, ojú ti rí púpọ̀. Ní ọdún 2005, láàárín oṣù méjì péré, jàǹbá ọkọ̀ Bellview àti ti Sosoliso pa ènìyàn tí ó lé ní igba. Lẹ́yìn wọn ni òfin ọdún 2006 fún NCAA ní òmìnira láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, títí tí Amẹ́ríkà fi fún orílẹ̀-èdè yìí ní ipò kìíní nípa ààbò òfuurufú ní oṣù kẹjọ ọdún 2010. Òfin tuntun tí ó jáde ní ọdún 2022 ni a ń lò báyìí. Òfin wà, àjọ wà, ìwé àṣẹ sì ń dé láti òkè òkun.

Ṣùgbọ́n òfin kò ní ojú, ìwé kò sì lè wọ inú apá ọkọ̀. Ní ìkẹyìn, ènìyàn kan ni yóò gun àkàbà lóru, tí yóò tan tọ́ọ̀ṣì, tí yóò na ọwọ́ sínú ihò tóóró, tí yóò sì ka wọ́ṣà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò mú bírò, tí yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé òun ti rí i. Bí ó bá kọ ohun tí kò rí, gbogbo àṣẹ láti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ti di ìwé lásán. Bí ó bá sì rí ohun tí ojú rẹ̀ kò gbà, ó gbọ́dọ̀ lè sọ pé ọkọ̀ yìí kò ní fò, láìbẹ̀rù ọ̀gá tí ń ka owó tí yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èrò náà ní ipa tirẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí tí a fi dá òun dúró, ó sì ní ẹ̀tọ́ kí a fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sọ fún un pé ẹnjiníà wà lẹ́nu iṣẹ́ lórí apá ọkọ̀, kí ó má ṣe bá àwọn tí ń pariwo pé kí a jẹ́ kí ọkọ̀ lọ bẹ́ẹ̀ pariwo. Ariwo èrò a máa wúwo lórí awakọ̀ àti ẹnjiníà ju bí a ti rò lọ. Òkú tí a fẹ́ sin ní Ìbàdàn yóò dúró di ọ̀la. Ọjà Èkó kò ní tú ní ọjọ́ kan. Àwọn tí ń retí ẹni nílé kò béèrè pé kí ó tètè dé. Ohun tí wọ́n ń gbàdúrà fún ni pé kí ó dé.